Ó Di Ọjọ́bọ̀

Nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, ọkọ mi ṣì wà láyé, àbúrò mi obìnrin tó ń ta òwú ṣì wà láyé, káfíńtà tó ń gbé ní ìdojúkọ ilé wa náà ṣì wà láyé. Nínú gbogbo wọn, ọmọ mi tó ń ránṣọ la rò pé yóò kọ́kọ́ kú. Òun ló wá ṣẹ́ kù fún mi.

Télọ̀ ni. Oorun a máa gbé e lọ lórí máṣíìnì lọ́sàn-án gangan, aṣọ oníbàárà á sì wà lábẹ́ abẹ́rẹ́. Dókítà fún un ní oògùn tó ń lé oorun, hóró kan láàárọ̀. Ó lo ọ̀kan, ojú rẹ̀ là. Ó ní bí ọ̀kan bá dára, méjì á dára jù ú lọ. Kò pẹ́, ó di mẹ́fà. Ó ń lọ láti ọ̀dọ̀ kẹ́mísìtì kan sí òmíràn, ó ń purọ́ pé èmi ìyá òun ni mò ń ṣàìsàn.

Ẹ wá wo iṣẹ́ nígbà náà! Kò sinmi, kò jẹun. Ó rán ẹsẹ̀ ṣòkòtò méjèèjì pa pọ̀. Ó tú kọ́là ẹ̀wù kan, ó tún un rán, ó tún tú u, lẹ́ẹ̀mọ́kànlá, títí aṣọ fi ya. Abẹ́rẹ́ máṣíìnì gún ìka rẹ̀ já, ẹ̀rín ló ń rín. Ìyàwó rẹ̀ kó ẹrù, ó lọ. Ó ní òun ò fẹ́ ọkọ tí kì í ṣẹ́jú.

Lọ́jọ́ tí oògùn tán lọ́wọ́ rẹ̀, gbogbo oorun tó ti ń sá fún dé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi sùn. Láàárín ọjọ́ mẹ́ta yẹn ni baba rẹ̀ kú. A gbá ọmọ mi, a da omi sí i lára, kò dìde. Àkọ́bí ni, kò sì sí níbi tí a ti sin baba rẹ̀. Nígbà tó jí, ohun tó kọ́kọ́ bi mí ni pé, "Màmá, ṣé oògùn mi kankan ò ṣẹ́ kù?"

Mo gbá a létí.

Káfíńtà ló wá jókòó tì í. "Ọ̀rẹ́, mo mọ̀ ọ́n. Èmi náà jẹ oògùn yẹn rí. Mo jẹ ẹ́ títí mo fi ń bá ayùn sọ̀rọ̀."

"Kí ni ayùn wí?"

"Ó ní n má sùn." Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Káfíńtà wá ní, "Jésù ló gbà mí. Ṣùgbọ́n kò gbà mí fún ọdún kan lẹ́ẹ̀kan náà. Ojoojúmọ́ ló ń gbà mí. Máa wá sẹ́nu ọ̀nà mi láràárọ̀."

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí. Kí wọ́n tó ṣí ṣọ́ọ̀bù, ọmọ mi á lanu, á gbé ahọ́n sókè, káfíńtà á wò ó bóyá hóró wà níbẹ̀. Káfíńtà náà á lanu, ọmọ mi á wò ó. Wọn á yí àpò wọn síta. Wọn á ní, "Olúwa, tòní nìkan." Ọmọ mi á fi ṣọ́ọ̀kì tó fi ń sàmì sáṣọ fa ìlà méjì sára ilẹ̀kùn káfíńtà, ọ̀kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Bí ilẹ̀ bá tún mọ́, wọn á nù ún, wọn á fa òmíràn. Káfíńtà kì í jẹ́ kí wọ́n ka ọjọ́.

Ọmọ mi ń kà á ní ìkọ̀kọ̀. Ó pé igba. Ara rẹ̀ ti kún, oníbàárà ti padà, wọ́n sì ń fi í ṣẹ̀sín: "Télọ̀, ṣé káfíńtà ti di dókítà eyín ni? Ṣé ìṣó ló fi ń kàn án?" Èmi náà rẹ́rìn-ín. Kí Ọlọ́run dárí jì mí.

Ní Ọjọ́ Ajé, kò lọ mọ́.

Ní Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ìyàwó káfíńtà dé. "Bọ̀dá télọ̀, ọkọ mi ní kí ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ wá. Àga ilé-ìwé pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ti rẹ̀ ẹ́. Ó ní kí ẹ wá wo ẹnu òun."

Ọmọ mi ò gbójú sókè lórí máṣíìnì. "Ẹ sọ fún un pé Jésù ti wò mí sàn. Kí òun náà gbàgbọ́. Ó di Ọjọ́bọ̀."

Ìgbéraga nìyẹn! Ó rò pé nítorí òun nìkan ni wọ́n ṣe ń pàdé. Kò yé e pé bí káfíńtà ṣe di òun mú ni òun náà ṣe di káfíńtà mú.

Ọjọ́ kejì ni wọ́n bá káfíńtà láàárín àwọn àga tí kò tíì parí. Ojú rẹ̀ là kedere, kò sì rí nǹkan kan mọ́. Hóró mẹ́ta ṣì wà lábẹ́ ahọ́n rẹ̀, níbi tí ọmọ mi ì bá ti rí i. Lára ilẹ̀kùn, ó ti fi pẹ́ńsùlù fa ìlà méjì. Ó fa tirẹ̀, ó fa ti ọmọ mi.

Ọmọ mi wó lulẹ̀ níwájú ilẹ̀kùn náà. "Jésù, èmi agbéraga yìí, gbà mí lónìí." Ọjọ́ yẹn gan-an ló yí padà. Ti igba ọjọ́ yẹn, ẹnu lásán ni.

Títí dòní, láràárọ̀, ó ń lọ sẹ́nu ọ̀nà yẹn. Opó káfíńtà á jáde. "Lanu." Á wò ó. "Ó tó." Á ti ilẹ̀kùn. Ọdún kọkàndínlógún rèé, kò tíì sọ ọ̀rọ̀ míì fún un.

Ìwọ tó ń ka ìwé yìí, kí ló wà lábẹ́ ahọ́n tìrẹ? Má fi àná yangàn, àná ti lọ. Jésù ń pè ọ́ fún òní. Lanu níwájú rẹ̀, yí àpò rẹ síta, jẹ́ kó rí gbogbo rẹ̀. Kí o sì dìde lọ bá ẹni tó ń retí rẹ lẹ́nu ọ̀nà. Má ṣe sọ pé ó di Ọjọ́bọ̀.

Ọjọ́rú ni káfíńtà kú.