Mo Kọ Ọ́, N Kò Kọ̀ Ọ́

Bẹ́ǹṣì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn lọ́dà ni mo jókòó lé lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ pàdé ọkọ mi. Kì í ṣe ọkọ àkọ́kọ́ o. Ọkọ mi gan-an ni mò ń wí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni. Èmi ni mò ń fọ aṣọ ẹgbẹ́ akọrin ìjọ wa, èmi náà ni mò ń fi áyọ́ọ̀nù lọ̀ ọ́. Mo kó aṣọ mọ́kànlélógún dé, orin kún ẹnu mi, mo bá fìdí lélẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀ṣì pé kí n simi díẹ̀. Ìgbà tí mo ní kí n dìde, aṣọ mi ò bá mi dìde.

"Ìyá olórin," ohùn kan wí lẹ́yìn mi, "ẹ má mì o. Ẹ ti di ara bẹ́ǹṣì."

Mo bojú wẹ̀yìn. Káfíńtà kan ló dúró, búrọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́, pẹ́ńsù lẹ́yìn etí. Ó ń fún ẹnu pọ̀ kó má rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà ń bá ojú jáde.

"Ta ló ní kí ẹ kun bẹ́ǹṣì láì sọ fún èèyàn?"

"Mo kọ ọ́ sára páálí, òun nìyẹn lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín."

"Ṣé ẹ rò pé gbogbo èèyàn ló máa ń kàwé kó tó jókòó ni?"

Ó bú sẹ́rìn-ín, èmi náà ò lè mú un mọ́ra. Ó bọ́ ẹ̀wù iṣẹ́ rẹ̀ fún mi kí n fi bo ẹ̀yìn délé. Mo fọ ẹ̀wù náà, mo lọ̀ ọ́ títí ó fi dúró fúnra rẹ̀, mo dá a padà. Lọ́sẹ̀ kejì, ó mú ẹ̀wù mìíràn wá tí kò dọ̀tí rárá.

"Kí ni mo fẹ́ fọ̀ lára èyí?"

"Ẹ ṣáà bá mi wá a. Ó lè ní àbààwọ́n tí ojú mi ò rí."

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ìyàwó rẹ̀ ti kú láti ọdún mẹ́fà. Ẹni ọdún méjìdínláàádọ́ta ni mí nígbà náà, mo sì rò pé ọkàn mi ti kọjá irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Irọ́ ni. Bí mo bá ti ń lọ aṣọ, orin rẹ̀ ni mò ń dá:

Káfíńtà, rọra gbá ìṣó o,
Ọkàn mi kì í ṣe pákó.
Bó o bá gbá a, gbá a kó dúró,
N ò fẹ́ ìṣó tó ń ṣí.

Lọ́jọ́ kan ó gbọ́ ọ lẹ́nu ọ̀nà. Kò tilẹ̀ kí mi. Ó ní, "Ayọ̀ mi, ilé mi dákẹ́ jù. Wá máa kọrin níbẹ̀."

Inú mi dùn, ẹ̀rù sì bà mí. Mo sọ òótọ́ fún un. Mo ti ní ọkọ rí. Ìgbà tí mo gba Jésù, ọkọ mi ní òun ò lè bá obìnrin tó ń kọrin ìsìn láàárọ̀ àti lálẹ́ gbélé. Ó di ẹrù rẹ̀, ó ré òkun kọjá, ó fi èmi àti ọmọ ọdún méjì sílẹ̀. A ò mọ ilé rẹ̀ níbẹ̀. Ohun tí a ṣáà gbọ́ ni pé ó ti fẹ́ ẹlòmíràn, obìnrin náà sì ti bímọ fún un.

Káfíńtà di ọwọ́ mi mú. "Ẹni tí wọ́n fi sílẹ̀ ni ọ́, olólùfẹ́. Ìwọ kọ́ lo lọ. Jẹ́ ká lọ bá Pásítọ̀."

A lọ. Pásítọ̀ gbọ́, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní kí akọ̀wé ìjọ gbé ìwé ńlá tí orúkọ àwọn ọmọ ìjọ wà nínú rẹ̀ wá. Bó ṣe kà á báyìí, ojú rẹ̀ yí padà.

"Màmá," ó ní, "ohun tó wà níbí kọ́ lẹ sọ. Wọ́n kọ ọ́ síbí pé ẹ̀yin lẹ kọ ọkọ yín sílẹ̀."

"Èmi kẹ̀?"

"Láti inú fọ́ọ̀mù tí ẹ fọwọ́ ara yín kọ ni wọ́n ti rí i, lọ́dún tí ẹ dara pọ̀ mọ́ wa. Ẹ wò ó, ìjọ wa gbà pé ẹni tí aláìgbàgbọ́ bá fi sílẹ̀ lọ, ìdè ti kúrò lọ́rùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n obìnrin tó bá fúnra rẹ̀ kọ ọkọ sílẹ̀, tó wá fẹ́ ẹlòmíràn, Olúwa fúnra rẹ̀ ló pè é ní panṣágà. N ò lè so yín pọ̀."

Ẹ̀gbọ́n Káfíńtà obìnrin wà nínú ìgbìmọ̀ àwọn àgbà ìjọ. Kó tó di Ọjọ́ Ìsinmi, ó ti gbọ́. Ó pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lẹ́yìn ìsìn.

"O kọ èkíní, o wá ń bọ̀ wá kọ àbúrò mi. N ò ní gbà."

"Ìyá wa, n ò kọ ẹnì kankan."

"Ìwé ò ní ẹnu tó lè fi purọ́."

Nígbà tí mo délé, ọmọ mi obìnrin ti gbọ́, inú rẹ̀ ń jó bí iná. Ó ti di nọ́ọ̀sì nígbà náà. "Ẹ fi wọ́n sílẹ̀ jàre, Màmá mi! Ẹ lọ sí kọ́ọ̀tù. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó ti parí."

Káfíńtà náà ní ṣọ́ọ̀ṣì kan wà ní òdìkejì òpópó tí wọn kì í béèrè nǹkan kan.

"Rárá," mo dá wọn lóhùn. "Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo ti fi ń fọ aṣọ akọrin wọn. N ò ní yọ́ wọlé ọkọ bí ológbò tó jí ẹran. Níwájú àwọn tó mọ̀ mí, ẹnu ọ̀nà ní ṣíṣí gbayawu, ibẹ̀ ni wọn yóò ti so wá pọ̀."

"Bí wọn ò bá gbà ńkọ́?" Káfíńtà bi mí.

"Wọn yóò gbà. Mo fẹ́ rí ìwé tí mo fi ọwọ́ ara mi kọ."

Mo lọ sọ́dọ̀ akọ̀wé ní Ọjọ́ Ajé, ó ní ó ti pẹ́ jù. Mo lọ ní Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó ní inú àpótí ló wà. Mo lọ ní Ọjọ́rú, mo jókòó ti àpótí náà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin. Ẹsẹ orin kẹrìnlá ni mo dé tó fi wá kọ́kọ́rọ́ rí.

Nígbà tí ìgbìmọ̀ jókòó, ìwé tó ti pọ́n náà wà lórí tábìlì. Ẹ̀gbọ́n Káfíńtà fi awò sójú, ó kà á sókè: "Ipò ìgbéyàwó. Ó ní: 'Mo ti kọ ọkọ mi sílẹ̀.' Ṣé ìwọ kọ́ lo kọ èyí?"

Mo wò ó. Ọwọ́ mi ni, ó rí wọ́gọwọ̀gọ. Ó sì yé mi lójijì. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀rín kẹ̀?" Pásítọ̀ béèrè.

"Pásítọ̀, mi ò kọjá ìwé mẹ́ta nílé ẹ̀kọ́. Ẹ wo òkè. Wọ́n ní kí n kọ orúkọ ọkọ àti ọmọ, mo kọ méjèèjì. Ìgbà tí mo dé ìsàlẹ̀, tí mo rí 'ipò ìgbéyàwó,' mo rò pé orúkọ ọkọ náà ni wọ́n tún ń béèrè. Mo bá dá wọn lóhùn pé mo ti kọ ọkọ mi sílẹ̀. Lórí ìlà òkè! Mo kọ ọ́. N kò kọ̀ ọ́!"

Ọ̀kan nínú àwọn àgbà mi orí. "Ọ̀rọ̀ náà dùn létí, Màmá. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni lè sọ bẹ́ẹ̀ lónìí."

Ẹ̀gbọ́n Káfíńtà ò gbójú kúrò lórí ìwé. Ìka rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ sí ìlà tó tẹ̀ lé e. Ó kà á sínú. Ó tún un kà. Èjìká rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n.

"Iye ọmọ," ó ka ìyẹn sókè, ohùn rẹ̀ ń já. "Ó ní: 'Mo ti kọ ọmọ mi náà sílẹ̀.'"

Ọmọ tí mo kọ̀ sílẹ̀ náà ló jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi nínú aṣọ nọ́ọ̀sì. Láti ìgbà tí mo ti ń pọ̀n ọ́n sẹ́yìn ni gbogbo wọn ti mọ̀ ọ́n. Pásítọ̀ ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, àwọn àgbà tẹ̀ lé e, ọmọ mi ń pariwo pé, "Màmá mi, ẹ kọ̀ mí láìsọ fún mi!"

Ẹ̀gbọ́n Káfíńtà nìkan ni ẹ̀rín rẹ̀ di omijé. Ó dìde, ó wá dì mọ́ mi. "Mo fi ẹnu mi bà ọ́ jẹ́. Dárí jì mí."

"Ó ti tán, ìyá wa."

Pásítọ̀ mú gègé, ó pa ìlà inú ìwé ńlá náà rẹ́, ó kọ ọ́ sókè rẹ̀ kedere pé ọkọ ló lọ.

Oṣù méjì lẹ́yìn náà, mo rìn wọ ṣọ́ọ̀ṣì wa ní ọ̀sán gangan. Káfíńtà ń wò mí bí ẹni tí wọ́n gbé oòrùn fún. Pásítọ̀ béèrè lọ́wọ́ ìjọ bóyá ẹnikẹ́ni mọ ìdí tí kò fi yẹ kí a so wá pọ̀.

Ẹ̀gbọ́n Káfíńtà bá dìde.

Káfíńtà fún mi lọ́wọ́ mú pinpin.

"Pásítọ̀," ìyá náà wí, "mo ní ọ̀rọ̀ kan. Ẹ yára. Ìyàwó wa ti dúró pẹ́ tó."