Ẹ̀yìn Ni Lọ́yà Rí

"Ẹni tó bá gba ẹ̀mí ẹlòmíràn, kí òfin gba ẹ̀mí tirẹ̀ náà. Ìyẹn kì í ṣe ìkà. Ìdájọ́ ni."

Bí Lọ́yà ṣe sọ bẹ́ẹ̀ tán, gbogbo kíláàsì bú sí àtẹ́wọ́. Àwọn tó jókòó lẹ́yìn ń lu tábìlì gbàgbàgbà. Ọjọ́ kejì ni ìdíje àríyànjiyàn láàárín àwọn ilé ẹ̀kọ́ girama, ọ̀rọ̀ tí wọ́n sì máa jiyàn lé lórí ni bóyá ó yẹ kí òfin máa pa apànìyàn. Ìbò ti gbé ilé ẹ̀kọ́ Lọ́yà sí ìhà pé ó yẹ. Lọ́yà kọ́ ni orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ o. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló fún un, nítorí pé bó bá ti la ẹnu, ẹni tó jàre gan-an lè bẹ̀rẹ̀ sí í tọrọ àforíjì.

Ara ọmọ náà ti yá gágá. Ó mọ̀ pé òun ní ohun tí àwọn tó kù kò ní: ọ̀rọ̀ náà ṣojú òun. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, bó ti ń bá ìyá rẹ̀ tó jẹ́ aránṣọ gán bọ́tìnnì mọ́ ẹ̀wù ní ṣọ́ọ̀bù, wọ́n gbọ́ gbì lódìkejì títì, níbi tí wọ́n ti ń ta fóònù. Olè kan já àpò gbà, ó ti Bàbá Géètì, arúgbó tó ń ṣọ́ ibẹ̀, lulẹ̀, ó sì fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Orí bàbá náà gbá etí gọ́tà. Láti ọjọ́ náà ló ti wà ní ọsibítù, kò sì tíì lajú. Ẹ̀wù tí ọ̀dà funfun ta sí ni olè náà wọ̀. Kò pẹ́ tí àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò fi wọ́ pẹ́ńtà kan dé, ẹni tí wọ́n bá nítòsí pẹ̀lú ọ̀dà funfun lára.

"Ṣé òun nìyí?" ni wọ́n bi Lọ́yà.

Lọ́yà wò ó, ó ní, "Òun ni."

Ní àgọ́ ọlọ́pàá, ó tún un sọ, ó sì fọwọ́ sí i. Bó ṣe di ẹni àpọ́nlé nìyẹn. Ọmọ Bàbá Géètì obìnrin dì mọ́ ọn lójú pópó, ó ní, "Ọlọ́run á bù kún ẹ. Bí bàbá mi bá kú, kí wọ́n yẹgi fún un. N ò fẹ́ gbọ́ nǹkan mìíràn." Ọ̀rọ̀ obìnrin náà wọ Lọ́yà lára, ó sì fi kún èyí tó máa sọ níbi ìdíje.

"Ó ku ẹnu alátakò," ni tíṣà wọn wí nígbà tí àtẹ́wọ́ rọlẹ̀. Ó ní kí Jẹ́jẹ́ dìde. Ọ̀rẹ́ Lọ́yà tímọ́tímọ́ ni Jẹ́jẹ́, ohùn rẹ̀ kì í sì í ga ju ti ẹ̀fọn lọ. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti ṣe bí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ kejì, kó máa da ìbéèrè bo Lọ́yà.

"O ní o rí olè náà," ni Jẹ́jẹ́ wí.

"Kedere ni mo rí i."

"Ó kọjú sí ẹ ni àbí ó kẹ̀yìn sí ẹ?"

"Ẹni tó ń sá lọ, báwo ló ṣe máa kọjú sí mi?" Kíláàsì rẹ́rìn-ín.

"Ìgbà wo wá lo rí ojú ẹ̀?"

 Lọ́yà wá ojú olè náà nínú ọkàn rẹ̀, ojú pẹ́ńtà ló rí: ojú tó ti wú, tí ẹ̀jẹ̀ ń dà nímú rẹ̀, bí wọ́n ṣe wọ́ ọ dé iwájú ṣọ́ọ̀bù. Ṣáájú ìgbà yẹn, ẹ̀yìn lásán ni. Ẹ̀yìn àti ẹ̀wù ọlọ́dà.

"Ìbéèrè gidi nìyẹn," ni tíṣà wí. "Dá a lóhùn."

Lọ́yà jókòó. 

Nígbà tí wọ́n ń lọ sílé, Jẹ́jẹ́ bi í bóyá òun ṣẹ̀ ẹ́.

"O ò ṣẹ̀ mí. N ò rí ojú ọkùnrin yẹn, Jẹ́jẹ́. N ò rí i rárá."

Ọkàn kan ń sọ fún un pé kó pa ẹnu mọ́. Ta ló máa mọ̀? Ìdíje ti dé tán, gbogbo àdúgbò ń yìn ín. Bóyá pẹ́ńtà yẹn náà ni, ta ló sọ pé òun kọ́? Ṣùgbọ́n bí Bàbá Géètì bá kú ńkọ́? Ẹnu òun ni wọ́n máa fi so ọkùnrin náà kọ́. Ẹyin lohùn, ó sì ti bọ́ lọ́wọ́ òun. Kò mọ ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í sáré lọ sí ṣọ́ọ̀bù ìyá rẹ̀.

Ìyá rẹ̀ dá ẹ̀rọ dúró, ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà dé ìparí, ó sì bọ́ téèpù ìwọnṣọ kúrò lọ́rùn.

"Ó yá, jẹ́ ká lọ."

"Ẹ ò ní bá mi wí, Mà?"

"Màá bá ẹ wí lọ́nà. Ẹsẹ̀ ni ká kọ́kọ́ gbé."

Ní àgọ́ ọlọ́pàá, ọ̀gá tó wà nídìí tábìlì fajú ro. "O ti fọwọ́ sí i. Ṣé eré lo rò pé à ń ṣe níbí?"

"Ẹ jọ̀ọ́ sà," ni Lọ́yà wí, "ohun tí mo fọwọ́ sí pọ̀ ju ohun tí mo rí lọ. Ẹ̀yìn ni mo rí."

"Ọ̀gá," ni ìyá rẹ̀ wí, "agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Kí ni ọkùnrin náà fúnra rẹ̀ sọ?"

Ọlọ́pàá náà wú ikọ́. "Ó ní òun ń kun òkè àjà ilé opó kan lọ́wọ́ nígbà yẹn."

"Ṣé ẹ ti bi opó náà?"

Ọ̀gá wo ìyá, ó wo òkè, ó sì mú fìlà rẹ̀.

Mọ́tò ọlọ́pàá kan náà ni gbogbo wọn bá lọ. Lọ́yà di àga mú bí ẹni pé òun ló ń wa ọkọ̀. Opó náà kò tilẹ̀ jẹ́ kí wọ́n jókòó. "Èmi ni mo di àkàbà mú fún un nígbà tí ariwo sọ. Ó ní òun fẹ́ lọ wo ohun tó ṣẹlẹ̀, n ò sì rí i mọ́. Mo rò pé ó sá fún iṣẹ́ mi ni. Mo ti ṣépè fún un títí."

Kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n ti tú pẹ́ńtà sílẹ̀.

Lọ́jọ́ ìdíje, gbọ̀ngàn kún bámúbámú. Lọ́yà bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ tó ti há sórí, àwọn èèyàn sì ń hó yè. Àárín ọ̀rọ̀ ló dúró sí. "Wọ́n ní kí n sọ pé ó yẹ kí òfin máa pààyàn," ló wí. "Lánàá ni mo mọ̀ pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ẹnu mi pa ẹni tí kò ṣe nǹkan kan." Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn. Ariwo ta nínú gbọ̀ngàn. Ilé ẹ̀kọ́ kejì ló gba ife ẹ̀yẹ. Àwọn kan nínú ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò bá a sọ̀rọ̀ mọ́, àwọn mìíràn sì yí orúkọ rẹ̀ padà sí Ẹ̀yìn-ni-mo-rí.

Bàbá Géètì lajú níkẹyìn. Ó ní ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó máa ń wá ná fóònù láìrà ni olè náà, àwọn ọlọ́pàá sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá a. Ọmọ bàbá náà wá bá Lọ́yà ní ṣọ́ọ̀bù, ó jókòó pẹ̀sẹ̀. "Èmi ni mo ní kí wọ́n yẹgi fún un," ló wí. "Ká ní wọ́n gbọ́ tèmi ńkọ́?"

Ilé opó ni Lọ́yà ti lọ bá pẹ́ńtà. Ọwọ́ kan ló fi ń kun ògiri, wọ́n ti fi báńdéèjì di èkejì tó fara pa nígbà tí wọ́n wọ́ ọ. Lọ́yà kúnlẹ̀.

"N ò tíì dárí jì ẹ́," ni ọkùnrin náà wí, láìyí ojú padà. "Ọwọ́ yìí ń dùn mí. Títí di ìsinsìnyí, bí ẹnikẹ́ni bá kan ilẹ̀kùn, ìyàwó mi máa ń gbọ̀n." Ó kun ògiri díẹ̀ sí i, ó wá wò ó. "Ṣùgbọ́n dìde. Ẹni tó wà láàyè ni wọ́n ń bẹ̀. Ká ní wọ́n ti yẹgi fún mi, ta ni ò bá wá kúnlẹ̀ fún?"

Lọ́yà dìde, ó nu omijé, ó mú búrọ́ọ̀ṣì kejì, ó sì dojú kọ ìsàlẹ̀ ògiri.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má fi ẹnu yín jẹ́rìí kọjá ibi tí ojú yín rí i dé. Bí ẹ bá sì ti ṣìnà, ẹ tètè padà, bí ó tilẹ̀ máa gba ìyìn lọ́wọ́ yín. Èèyàn ló ń ṣèdájọ́, èèyàn a sì máa ṣàṣìṣe. Ilẹ̀kùn ẹ̀wọ̀n ṣeé ṣí padà, ṣùgbọ́n sàréè kò ní kọ́kọ́rọ́.