Ó-Tún-Ṣubú Lọ Rí Bàbá

Agboòrùn ni ọkùnrin kan ń bá jà lẹ́nu ọ̀nà ilé iṣẹ́ fíìmù nígbà tí obìnrin òǹkọ̀wé eré kan kọ́kọ́ rí i. Ó ṣí i, ó padé mọ́ ọn lórí. Ó tún ṣí i, atẹ́gùn sì wọ́ ọ tòun tagboòrùn wọnú òdòdó. Òǹkọ̀wé rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Àṣé òṣèré tí wọ́n ń pè ní Ó-Tún-Ṣubú ni, eré apanilẹ́rìn-ín tí òǹkọ̀wé gan-an kọ ló sì wá ṣe. Ẹ̀rín tán lẹ́nu obìnrin náà lọ́jọ́ ìdánrawò.

"Ọ̀rọ̀ yìí ti pọ̀ jù, àǹtí. Ẹ jẹ́ kí n kàn jókòó lé kéèkì inú eré náà," ni Ó-Tún-Ṣubú wí.

"Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi kọ ọ́!"

"Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta ni màá fi jókòó."

Ọkùnrin ní ohun tójú rí ló ń pani lẹ́rìn-ín, obìnrin ní ohun tétí gbọ́ ni. Wọ́n jiyàn délé, wọ́n jiyàn padà. Nígbà tó máa fi tó oṣù kan, àríyànjiyàn ti di ìfẹ́.

Bàbá obìnrin ló kù kó fọwọ́ sí i. Ẹnu iṣẹ́ rédíò ló ti fẹ̀yìn tì, ojú rẹ̀ kò sì ríran mọ́. Nínú gbogbo fíìmù Ó-Tún-Ṣubú, "gbàgà!" nìkan ló ń gbọ́.

"Ọmọ mi, mi ò lè fi ọ́ fún ariwo."

Lọ́jọ́ tí Ó-Tún-Ṣubú wá kí i, ẹ̀rù dì í lẹ́nu. Ó ní kóun kúkú gbé tíì wá fún Bàbá. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ́ kápẹ́ẹ̀tì. Gbàlàgàdà!

"Kí nìyẹn?"

Òǹkọ̀wé fẹ́ dáhùn, ẹ̀rín ò jẹ́. Ohùn kan jáde láti ilẹ̀:

"Èmi ni, sà. Tíì yín ti dé, orí mi ló kọ́kọ́ yà sí."

Bàbá tẹ̀ síwájú lórí àga. "Ṣúgà ńkọ́?"

"Ó wà létí òsì, sà."

Bàbá rẹ́rìn-ín títí ó fi di àga mú. "Ẹ bá mi nù ún. Kó máa bọ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀!"

Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, níwájú akọ̀wé ìjọba, ọkọ pariwo "Mo gbà!" tó bẹ́ẹ̀ tí kálàmù bọ́ lọ́wọ́ akọ̀wé. Ó kan ìyàwó, tó ti kọ ọ̀rọ̀ tó fẹ́ sọ kún odindi ojú ìwé kan. Ó la ẹnu, ẹkún ò jẹ́ kó sọ̀rọ̀. Ó kàn ń mi orí sókè sódò ṣáá, títí gèlè rẹ̀ fi yọ̀ bo imú.

"Ṣé ó ti sọ ọ́?" Bàbá bèèrè.

"Ó ti sọ ọ́, Bàbá," ni ọkọ dáhùn. "Gbogbo rẹ̀ pátá."