Ọkọ̀ Pupa Tí Wọ́n Kùn Ní Dúdú

"Olè! Ìwọ Titus, olè ni ọ́! Níbo lo gbé ọkọ̀ ìyàwó mi sí?"

Adéníran ló ń pariwo bẹ́ẹ̀ nínú ọgbà mẹkáníìkì ní Ago-Ìwòyè. Ó ti di Titus lọ́rùn aṣọ mú, ó ń mì ín jìgìjìgì lójú gbogbo èèyàn. Bí ẹ bá rí bí ojú rẹ̀ ṣe pọ́n, tí ẹ rí bí itọ́ ṣe ń ta lẹ́nu rẹ̀, ẹ ó ní ọkọ rere nìyí, tó ń jà fún aya rẹ̀. Irọ́ gbuu! Adéníran mọ ibi tí ọkọ̀ náà wà bó ṣe mọ orúkọ ara rẹ̀. Ohun tí kò mọ̀ ni pé ẹni tó gbé e fún gan-an ni yóò tú u láṣìírí.

"Ọ̀gá, ẹ fi mí sílẹ̀ o!" ni Titus ń wí. "Ẹ̀yin fúnra yín lẹ wá síbí láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì tó kọjá. Kọ́kọ́rọ́ kejì wà lọ́wọ́ yín. Ẹ ní Màdáámù ní kí ẹ wá gbé e. Ojú mi báyìí lẹ ṣe wà á jáde!"

"Èmi? Èmi Adéníran?"

Ó jù ú sílẹ̀, ó sáré lọ síbi ọkọ̀ tirẹ̀, ó fa Bíbélì yọ, ó gbé e lé àtàrí. "Bí mo bá mọ ibi tí ọkọ̀ yẹn wà, kí Ọlọ́run má gbọ́ àdúrà mi mọ́ láéláé!"

Kíkẹ́lọmọ, ìyàwó rẹ̀, dúró láàárín àwọn méjèèjì, àwọn ọlọ́pàá tí wọ́n pè wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó wo Titus, ó wo ọkọ rẹ̀ pẹ̀lú Bíbélì lórí. Ta ni ẹ̀yin náà ìbá gbà gbọ́? Ọkọ tó fẹ́ ẹ ní ṣọ́ọ̀ṣì ló gbà gbọ́.

"Titus, ìwọ tí mo fọkàn tán!" ló fi bú sẹ́kún. "Ọkọ mi búra, o tún ń wò ó lójú! Kí ni mo ṣe fún ọ? Ẹ mú un lọ! Ẹ bá mi mú un lọ!"

Bí àwọn ọlọ́pàá ṣe wọ́ Titus sínú ọkọ̀ wọn nìyẹn, tòun ti girísì lára.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ọkọ̀ tó jẹ́ fún yín, kí ẹ lè mọ ìdí tí inú fi ń bí mi. Alfa Romeo ni, onílẹ̀kùn méjì, pupa, wọ́n ṣe é ní Ítálì. Bàbá Kíkẹ́lọmọ ló rà á nígbà tó wà nídìí iṣẹ́ ẹ̀rọ ní Ìwopin. Nígbà tí bàbá kú, àwọn ẹbí gbé e sábẹ́ igi máńgòrò ní Japara, adìyẹ bẹ̀rẹ̀ sí í yé ẹyin sórí síìtì rẹ̀. Wọ́n ní kí Kíkẹ́lọmọ tà á fún àwọn tó ń ra irin pàǹtí. Ó ní òun kò tà á! Olùkọ́ físíìsì ni ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń ra léèsì, ṣọ́ọ̀kì ọkọ̀ ló ń rà. Ó yọ búrẹ́kì àtijọ́, ó fi èyí tó tóbi jù ú lọ sí i. Ó pààrọ̀ sàlẹ́ńsà, tí ohùn ọkọ̀ náà fi wá ń jáde láti inú ikùn, tó kún, tó rinlẹ̀, kò jọ ti ọkọ̀ kankan ládùúgbò. Gbogbo ọjọ́ Sátidé, òun àti Titus ni wọ́n jọ ń wọ abẹ́ rẹ̀. "Nígbà tí mo bá wà lábẹ́ ibẹ̀," ó máa ń wí, "ńṣe ló dà bíi pé Dádì mi ń na sípánà sí mi." Ohun kan ṣoṣo tí ikú kò tíì gbà lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn o! Ìyẹn náà ni ọkọ rẹ̀ wá jí.

Ta ló jí i fún? Fún Abigail! Abigail ọmọ àbúrò ìyá Kíkẹ́lọmọ, tí Kíkẹ́lọmọ mú wá sílé nígbà tí kò ní bàtà lẹ́sẹ̀, tó rán an lọ sí yunifásítì, tó wá iṣẹ́ fún un ní Ìwopin. Ẹ̀yìn ọkọ̀ pupa yẹn ló máa ń jókòó sí nígbà tí wọ́n bá ń gbé e lọ sílé-ẹ̀kọ́. Ibẹ̀ ló ti ń fojú sí iwájú. Ó kọ́kọ́ gba ọkọ, ó wá ní ọkọ náà kò tó, àfi kí wọ́n gbé mọ́tò náà kún un. Ọ̀bàyéjẹ́ ọmọ!

Ẹ tún wá gbọ́ ẹnu dídùn. Abigail yìí kan náà ló pe Kíkẹ́lọmọ lórí fóònù lọ́jọ́ tí wọ́n ti Titus mọ́lé.

"Àǹtí mi, mo gbọ́! Mi ò lè jẹun láti àárọ̀! Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi mẹkáníìkì burúkú yẹn sílẹ̀ o. Kó jìyà nínú àtìmọ́lé dáadáa!"

"O ṣeun, Abigail mi," ni ẹni rere fi ẹkún dáhùn. "Ìwọ nìkan lo mọ̀ bó ṣe rí lára mi."

Nílé, Adéníran kò tilẹ̀ jẹ́ kó sunkún dé ìdí. "Àwé yìí, ó tó!" ló jágbe mọ́ ọn. "Irin ni, irin ti lọ! Obìnrin wo ló ń ra girísì dípò ìpara? Mo ti ń rò ó tẹ́lẹ̀ pé ọjọ́ tí mọ́tò yẹn bá kúrò nílé yìí ni n óò tó níyàwó!"

"Olówó orí mi, ẹ jọ̀ọ́, Dádì mi ló fi í sílẹ̀ fún mi..."

"Dádì ẹ ti kú! Jẹ́ kó sùn!"

Ọkùnrin tó ń sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sí aya rẹ̀, kí ni kò lè ṣe? Kíkẹ́lọmọ gbé omijé rẹ̀ mì. Sùúrù obìnrin yẹn máa ń dà mí láàmú. Èmi ìbá ti ju ìkòkò lù ú.

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ ń parí lọ, tí Titus ṣì wà látìmọ́lé, Adéníran kó aṣọ sínú báàgì, ó ní Abẹ́òkúta lòun ń lọ fún iṣẹ́, òun kò ní padà títí ọjọ́ Ajé. Ìwopin ló forí lé tààrà, sọ́dọ̀ Abigail. Ọkọ̀ pupa ti di dúdú níbẹ̀, nítorí ó ti gbé e fún àwọn kan tó ń kun ọkọ̀ lójú ọ̀nà Òde-Omi, ó sì ti ní kí wọ́n yára.

Ibẹ̀ gan-an ni ìjà àwọn ọ̀dàlẹ̀ méjèèjì ti bẹ̀rẹ̀.

"Mi ò ní wọ ọkọ̀ yìí lọ síbi iṣẹ́ láìjẹ́ pé Olùṣọ́ ìjọ wa wọ́n omi sí i," ni Abigail wí. "Ìkórè ìjọ wa ni lọ́jọ́ Àìkú. Gbogbo ẹni tó bá ní ohun tuntun ló ń dúpẹ́."

"Orí ẹ dàrú ni? Ìdúpẹ́ kẹ̀? Lójú gbogbo ayé?"

"Ó ti di dúdú, ta ló máa mọ̀ ọ́n ní Ìwopin? Bọ̀dá, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti lá àlá pé búrẹ́kì rẹ̀ kò mú mọ́, tí mo ya wọ inú ọ̀sà. Ṣé ẹ fẹ́ kí n kú sínú ẹ̀ ni? Bí ẹ ò bá jẹ́ kí n dúpẹ́, n óò pe Àǹtí fúnra mi!"

Ẹ ò rí nǹkan? Ó jalè, ó tún fẹ́ kí Ọlọ́run bá òun ṣọ́ ọ! Ẹ̀rù ohun tí wọ́n ṣe ló ń lé e lójú oorun, ó sì rò pé omi àti àbẹ́là ni yóò wẹ̀ ẹ́ nù. Adéníran gbà, kó má baà pe Kíkẹ́lọmọ lóòótọ́.

Wọn kò mọ̀ pé Olùṣọ́ Ọlátúbọ̀sún ti pe ẹgbẹ́ akọrin ẹ̀ka Japara wá sí ìkórè náà. Kíkẹ́lọmọ wà nínú ẹgbẹ́ náà. Kò fẹ́ lọ. Àwọn akọrin ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n fà á, wọ́n ní kó wá fi orin tu ara rẹ̀ nínú.

Ní ọjọ́ Àìkú, ìjọ kún ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì fọ́fọ́. Aṣọ funfun ń dán, gbogbo ẹsẹ̀ wà láìní bàtà. Àwọn tó fẹ́ dúpẹ́ ń jáde: ẹni tó kọ́ ilé, ẹni tó bí ìbejì. Àwọn akọrin ń kọrin lọ́wọ́ nígbà tí ọkọ̀ kan wọ ọgbà láti ẹ̀yìn.

Kíkẹ́lọmọ kò tíì rí i, ó kàn gbọ́ ọ. Ohùn inú ikùn yẹn! Orin gé sí i lẹ́nu. Ó yí orí padà, dúdú ló rí. Ó ní ojú òun ló ń ṣe òun bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà ló rí ẹni tó sọ̀kalẹ̀ lára rẹ̀, ó tún rí ọwọ́ tó gba máíìkì.

"Ẹ bá mi yọ̀!" ni Abigail ń ké, ó ń jó. "Ọkọ mi ló ra ọkọ̀ tuntun yìí fún mi! Bọ̀dá Adéníran, ẹ dìde, kí ìjọ rí yín!"

Ìjọ ké halelúyà. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó, Adéníran dìde, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ń juwọ́. Kò tíì wo ọ̀dọ̀ àwọn akọrin rárá.

"Ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì," ni Olùṣọ́ wí, "kí n wọ́n omi sí ẹ́ńjìnnì." Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n máa ń ṣe é níbẹ̀, omi gbọ́dọ̀ kan ẹ́ńjìnnì.

Wọ́n ṣí i. Ìta dúdú, inú pupa rekete! Àwọn akùnkọ̀ tí wọ́n ní kí wọ́n yára kò kun inú. Olùṣọ́ dúró pẹ̀lú omi lọ́wọ́. Àwọn tó wà níwájú ń wo ara wọn.

"Arábìnrin," ni Olùṣọ́ béèrè, "ṣé ọkọ̀ tuntun lo pè é?"

Kíkẹ́lọmọ kò sáré. Ó rìn wá láàárín ìjọ, ó gbé ọwọ́ lé etí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó wo ẹ́ńjìnnì tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ tò. Lẹ́yìn náà ló gbójú sókè.

"Abigail."

"Àǹtí!" Máíìkì bọ́ lọ́wọ́ ọmọ náà. "Àǹtí mi, ẹ... ẹ jọ̀ọ́... kì í ṣe bí ẹ ṣe rò ó..."

"Ọkọ̀ Dádì mi nìyí! Ọkọ mi sì lo pè dìde yẹn! Èwo ni kì í ṣe bí mo ṣe rò ó?"

Híà! Ariwo ta. Adéníran ti ń fi ẹ̀yìn rìn lọ sẹ́nu ọ̀nà, ṣùgbọ́n àwọn ọ̀dọ́kùnrin ìjọ dì í mú ní sùtánà, wọ́n tì í wá sí iwájú.

"Kíkẹ́, fara balẹ̀," ló ń kólòlò. "Ìwọ lo fà á! Mọ́tò lo gbé sórí jù mí lọ! Mo fẹ́ kọ́ ẹ lọ́gbọ́n ni!"

Láti ọjọ́ tó ti fẹ́ ẹ, Kíkẹ́lọmọ kò pè é ní "ìwọ" rí. Lọ́jọ́ yẹn ló pè é.

"Ìwọ Adéníran! Bí o kò bá fẹ́ mi mọ́, ṣé ẹnu ọ̀nà ilé tì pa ni? Kí ló dé tí o kò lọ? O gbé Bíbélì lé orí! O jẹ́ kí n fi ẹnu ara mi pe aláìṣẹ̀ ní olè! Ọmọ ènìyàn ń sùn lórí símẹ́ńtì nítorí rẹ, o wá ń juwọ́ sí ìjọ níbí! Òpùrọ́! Aláìnítìjú!"

"Ó ní ẹ ti fọwọ́ sí i!" ni Abigail ké. Ó wólẹ̀, ó di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú. "Àǹtí, òun ló tàn mí!"

"Pa ẹnu ẹ mọ́!" ni Adéníran náà ké. "Ta ló ní bí n kò bá gbé e wá, òun kò ní ṣílẹ̀kùn fún mi?"

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tú ara wọn láṣìírí, èyí ń sọ, èyí ń já a. Kò sí ẹni tó tún bi wọ́n ní ìbéèrè. Olùṣọ́ gbé omi rẹ̀ sílẹ̀. "Ẹ bọ́ sùtánà lọ́rùn àwọn méjèèjì," ló wí. "Kí ẹnì kan lọ pe ọlọ́pàá."

Abigail fi ọwọ́ bo ojú bí wọ́n ṣe ń mú un jáde. Àwọn obìnrin tó ń bá a jó ní ìṣẹ́jú díẹ̀ sẹ́yìn ni wọ́n ń hó lé e lórí. Adéníran bẹ Kíkẹ́lọmọ pé kí ó ṣáà jẹ́ kí òun mú bàtà òun nínú ọkọ̀. Kíkẹ́lọmọ tẹ bọ́nẹ́ẹ̀tì pa dé, ó wa ọkọ̀ náà tẹ̀lé ọkọ̀ ọlọ́pàá títí dé àgọ́ tí Titus wà ní Ìjẹ̀bú-Igbó.

Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n mú Titus jáde. Ó ti rù, irùngbọ̀n ti bo ojú rẹ̀. Ẹnu ilẹ̀kùn àtìmọ́lé náà ló ti pàdé Adéníran, láìní bàtà, bí wọ́n ṣe ń tì í wọlé. Wọ́n wo ara wọn.

"Ọ̀gá," ni Titus wí, "ìdí ògiri ni kí ẹ sùn sí. Ibẹ̀ ló gbẹ."

Kíkẹ́lọmọ kúnlẹ̀ lórí símẹ́ńtì lójú gbogbo ọlọ́pàá. "Titus, òótọ́ lo sọ fún mi, mo pè ọ́ ní olè. Inú ń bí ọ, ó sì tọ́ kó bí ọ."

"Ó ń bí mi, Màdáámù. Ó ń bí mi gan-an! Ìyá mi gbọ́ pé wọ́n mú mi bí olè." Ó na ọwọ́ sí i. "Ẹ dìde. Ẹ má kúnlẹ̀ fún mi."

Ó dìde. Ó mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ náà, kò jù ú sí i. Ó fi í sí àtẹ́lẹwọ́ Titus, ó pa ìka rẹ̀ dé e.

"Ìwọ ni kó wà á," ló wí. "Ago-Ìwòyè là ń lọ, sọ́dọ̀ ìyá rẹ. Rọra wà á gba àárín ìlú, kí gbogbo wọn rí ẹni tó wà nídìí rẹ̀."