Ère Méjì Tí Bàbá Wa Gbẹ́ fún Ìpàtẹ Lómé

Àwọn tó wà níbẹ̀ nìyí: Òjé bàbá wa, agbẹ́gilére láti Atakpamé; Àrìnpé ìyá wa; Fàsásì ará Sakété, aládùúgbò wa tó ń ta aṣọ; èmi Táyé, tí wọ́n ń pè ní Béatrice nílé-ìwé; àti Kẹ́yìndé, ìkejì mi. Àwọn méjì kan tún wà tí kò yẹ kí n kà mọ́ wa. Mo kà wọ́n, nítorí wọ́n ní ojú, wọ́n sì ń wò wá.

Ayé Faransé ni, nígbà ìsinmi gígùn, kí n tó wọ ilé-ìwé girama. Òyìnbó kan ń ṣètò ìpàtẹ iṣẹ́ ọnà ní Lómé. Ó ní kí bàbá wa gbẹ́ ère ìbejì méjì wá, kó sì tètè. Ìbejì tó bá kú la máa ń gbẹ́ irú ère bẹ́ẹ̀ fún, kò sì sí èyí tó kú nítòsí. Bàbá wa jókòó sẹ́nu ọ̀nà wa ní Aflao-Gakli, àdúgbò wa ní Lómé, ó ní kí èmi àti Kẹ́yìndé dúró níwájú òun, ó sì gbẹ́ wa.

Ìyá wa rọra bi í pé, "Bàbá Ìbejì, ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú. Ọjà òyìnbó ni."

"A kì í gbẹ́ ẹ fún ẹni tó ṣì ń jẹun."

"Òyìnbó ò mọ̀yẹn."

"Igi ńkọ́?"

Fàsásì bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ gbẹ́ tèmi náà, Bàbá Ìbejì, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dín ikùn kù!" Àwa náà rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ ìpàtẹ, a wọ gbọ̀ngàn náà nínú aṣọ kan náà, a ń yan. Òórùn ọ̀dà tútù gba ibẹ̀ kan. Lórí aṣọ funfun, láàárín àwọn ìbòjú onígi, àwa la dúró. Ọ̀bẹ bàbá wa kò parọ́: àpá iná tó wà létí mi wà níbẹ̀. Kẹ́yìndé na ìka, ó kan ère tirẹ̀ lẹ́rẹ̀kẹ́.

"Táyé," ó sọ ọ́ sí mi létí, "ara rẹ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́."

Nígbà tó di ọwọ́ mi mú, ìka rẹ̀ ti tutù, ó le gbagidi.

"Touche pas!" ni ẹ̀ṣọ́ jágbe mọ́ wa, pé kí a má fọwọ́ kàn án.

Ìyá wa kúnlẹ̀ bẹ òyìnbó náà pé kó dá àwọn ère náà padà. Òyìnbó náà ní obìnrin kan tó ń lọ sí Faransé ti ra méjèèjì. Fàsásì, tí kò ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́, kó gbogbo aṣọ ìsọ̀ rẹ̀ wá láti fi pààrọ̀ wọn. Obìnrin náà fọwọ́ pa aṣọ wò, ó ní ó dára, ó sì kọ̀.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ń kó ẹrù obìnrin náà sínú ọkọ̀ ojú omi, bàbá wa sáré lọ sí etí òkun. Ìṣojú rẹ̀ ni àpótí ṣe já, tó ṣí, tí ère kan bọ́ sómi. Ìgbì gbé e mì.

Nílé, ẹ̀bà ni èmi àti Kẹ́yìndé ń jẹ. Kẹ́yìndé yanu láti gba òkèlè, omi iyọ̀ ló tú jáde. Ó ń jáde, kò dá. A dojú rẹ̀ délẹ̀, a gbá a lẹ́yìn. Lórí ilẹ̀ gbígbẹ, lọ́sàn-án gangan, ìkejì mi rì. Yanrìn wà láàárín eyín rẹ̀.

Ìgbà yẹn ló wá tọ́ kí a gbẹ́ ère fún un. Bàbá wa mú igi léraléra. Ojú tó ń yọ lára igi kì í ṣe ti ọmọdé. Ojú arúgbó kan ni, àpá iná wà létí rẹ̀. Ó sọ ọ̀bẹ nù, kò sì gbẹ́gi mọ́ títí ó fi kú. Ojú yẹn ni mò ń rí nínú dígí báyìí.

Ère tèmi gúnlẹ̀ sí Faransé láìfarapa. Ikán kò lè dé ibi tó wà. Mo ti sin ọkọ mi, mo ti sin àwọn ọmọ mi, àti àbíkẹ́yìn pẹ̀lú. Àìsàn tó ń pa ọ̀dọ́ á gbé mi dùbúlẹ̀, wọ́n á sunkún lé mi lórí, n óò sì dìde bèèrè ẹ̀kọ. Láràárọ̀ ni Kẹ́yìndé ń wá sẹ́nu ọ̀nà, ọmọdé ni síbẹ̀, aṣọ rẹ̀ ń ro omi.

"Táyé, wọn ò tíì tú ọ sílẹ̀?"

Odile, ọmọ ọmọ mi, o sọ fún mi lórí fóònù pé o rí ère ọmọbìnrin kan nínú àpótí gíláàsì ní ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní Paris, pé ó lápàá létí, pé o fẹ́ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n dá a padà fún ẹbí wa. Bẹ̀ wọ́n. Bí wọ́n bá gbé e lé ọ lọ́wọ́, má gbé e wálé. Fi iná sun ún níbẹ̀, má sì kọ́kọ́ pè mí.