Ẹ̀gẹ́ Àmọ̀kẹ́ Léwé, Kò Ta

Láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ fa ẹ̀gẹ́ náà, orin ni Àmọ̀kẹ́ ń kọ lọ sóko rẹ̀ lẹ́bàá Ìdèrè. Ta ni kò ní kọrin? Ẹ̀gẹ́ ga ju orí rẹ̀ lọ, ewé tutù yọ̀yọ̀, àwọn tó ń gun ọ̀kadà kọjá ń kí i kú iṣẹ́. Àmọ́ àyà rẹ̀ ń já díẹ̀díẹ̀. Ọdún méjì léraléra ni oko ò ti mú nǹkan gidi jáde. Ọkọ rẹ̀ ti kú, ẹ̀gbọ́n ọkọ náà, Bàbá Ifáfúnkẹ́, sì ti wí fún un pé bó bá tún rí bẹ́ẹ̀ lọ́dún yìí, ẹbí á gba ilẹ̀ wọn fún ẹlòmíì. Orí ilẹ̀ yẹn ló ti ń bọ́ ara rẹ̀ àti Bámiṣẹ́ ọmọ rẹ̀. Kò ní òmíì.

Bàbá ti dúró sóko kó tó dé.

"Ìyàwó, fà á ká rí i."

Bí ó bá fà á, wọ́n á rí i. Bí kò bá fà á, wọ́n á ní ó ń sá. Ó di igi kan mú, ó fà á, ó jáde wẹ́rẹ́. Họ̀wù! Gbòǹgbò ò ju ìka ọwọ́ lọ. Ó fa òmíì, ó fà á títí dórí ẹ̀kẹwàá, bákan náà ni. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, kò ríbi sá sí. Ó bú sẹ́kún.

"Ayé ti ṣe mí o!"

Ọláyídé, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń kọ́ àwọn àgbẹ̀ níṣẹ́, tó bá Bàbá wá, bẹ̀rẹ̀, ó bu erùpẹ̀. "Ìyá Bámiṣẹ́, kò sẹ́ni tó ṣe yín. Ajílẹ̀ wo lẹ ń lò?"

"Yúríà ni. Mo rí i pé etí ewé ìsàlẹ̀ ń gbẹ, mo bù ú sí i. Ọdọọdún ni."

"Áà! Ewé ni yúríà ń bọ́ jù. Èròjà kan wà nínú ilẹ̀ tó ń jẹ́ pọ́tásíọ̀mù, òun ló ń jẹ́ kí oúnjẹ tí ewé sè sọ̀ kalẹ̀ lọ sí gbòǹgbò kó lè sanra. Ẹ̀gẹ́ a sì máa fa èròjà yìí tán nílẹ̀. Bí kò bá sí mọ́, etí ewé á máa gbẹ. Eérú ibi tẹ́ ẹ ti ń yan gàrí, ibo lẹ ń dà á sí?"

"Ààtàn. Ìyá ọkọ mi ní a kì í da eérú sóko, pé ó ń mú oko gbóná."

"Èèpo ẹ̀gẹ́ ńkọ́?"

"Ààtàn kan náà."

Ọláyídé mirí. "Èròjà tí ilẹ̀ yín ń wá wà nínú méjèèjì."

"Ṣé mo lè dà á sí i báyìí?"

"Ó ti bọ́ fún èyí tó wà nílẹ̀. Kẹ́ ẹ tó gbìn ló yẹ kẹ́ ẹ bu erùpẹ̀ níbi bíi mẹ́wàá káàkiri oko, kẹ́ ẹ pò ó pọ̀, kẹ́ ẹ gbé e lọ fún àyẹ̀wò. Ohun tó bá kù díẹ̀ káàtó nínú ilẹ̀ lẹ ó fi kún un, torí oko kan ò jọ̀kan."

Àmọ̀kẹ́ kúnlẹ̀ níwájú Bàbá. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi lọ́dún kan péré. Ó ti yé mi wàyí."

Bàbá gbójú kúrò lára rẹ̀. "Ìyàwó, ó ti kọjá agbára mi. Ẹbí ti ṣèlérí ilẹ̀ yìí fún àgbẹ̀ kan tó ń jẹ́ Àbdùlàhí."

Àmọ̀kẹ́ dìde, ó gbọn erùpẹ̀ orúnkún rẹ̀ nù.

Àbdùlàhí ṣe àyẹ̀wò ilẹ̀, ó sì fi ohun tó kù díẹ̀ káàtó kún un kó tó gbin nǹkan kan. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ẹ̀gẹ́ ta lórí ilẹ̀ yẹn, ó tóbi bí itan ènìyàn. Àmọ̀kẹ́ wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n fà á. Alágbàṣe ni.

Ẹ̀yin àgbẹ̀, ẹ má fi ewé dá oko lẹ́jọ́. Bí etí ewé bá ń gbẹ, ẹ béèrè ohun tó fà á kẹ́ ẹ tó bu ajílẹ̀ kankan sí i. Ẹ wá òṣìṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ládùúgbò yín lọ, kẹ́ ẹ sì yẹ ilẹ̀ yín wò kí òjò àkọ́rọ̀ tó dé. Ilẹ̀ tí wọ́n ti gbà lọ́wọ́ ẹni kì í ṣeé bẹ̀ padà.