Orúkọ Tí Selwyn Kọ

Okùn tí wọ́n fi ń di koríko àgùntàn ni Selwyn fi bá Noeline so bàtà rẹ̀ tí àtẹ́lẹ̀ rẹ̀ ṣí, lórí òkè kan lẹ́yìn ìlú etíkun Akaroa. Ọjọ́ náà ni Noeline, opó ẹni ọdún méjìlélọ́gọ́ta, kọ́kọ́ bá ẹgbẹ́ àwọn tó máa ń rìn lórí òkè jáde. Selwyn, àgbẹ̀ tó ti fẹ̀yìn tì, ni ẹgbẹ́ máa ń ní kó rìn kẹ́yìn gbogbo wọn kí ẹnikẹ́ni má baà sọnù.

"Rọra máa bọ̀," ó ní. "Òkun ò kúkú sá lọ."

Fún ọdún mẹ́ta gbáko, orúnkún Noeline ò jẹ́ kó yára, Selwyn náà ò sì kánjú. Wọ́n á jọ máa bọ̀ lẹ́yìn, wọ́n á máa fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́, Selwyn á sì máa ti géètì oko tí wọ́n bá gbà kọjá pa. Noeline fẹ́ràn rẹ̀ gan-an, kí la fẹ́ fi pamọ́? Ṣùgbọ́n ọkùnrin náà ò sọ nǹkan kan!

Ni Kirsten, ọmọ Noeline, bá pè láti ìlú Perth lókè òkun. "Mọ́mì, ẹ wá máa gbé lọ́dọ̀ wa. Ta lẹ ní níbẹ̀ yẹn?"

Noeline ro ti Selwyn tí kò lanu rí. Ló bá gbà.

Ó ku ọjọ́ mẹ́fà kó lọ. Lórí òkè lọ́sàn-án Sọ́ńdè náà, bí wọ́n ti ń jẹ búrẹ́dì, ìwé ìrìn oṣù tó ń bọ̀ kọjá lọ́wọ́ gbogbo wọn. Oníkálukú á kọ orúkọ ara rẹ̀ àti ti ẹni tó máa fi ọkọ̀ gbé. Glenys, olórí wọn, kà á jáde.

"Selwyn. Ẹni tó máa gbé: Noeline." Ó gbójú sókè. "Selwyn! Obìnrin yìí mà ń lọ! Ṣé Perth lo ti fẹ́ lọ gbé e ni?"

Ẹ̀rín sọ. Ojú Selwyn pọ́n dẹ̀dẹ̀. "Ó ti mọ́ mi lọ́wọ́ ni," ó ní. "N ò rántí. Pa á rẹ́."

Glenys mú pẹ́ńsù.

"Dúró ná!" Noeline na ọwọ́ bo ìwé náà. "Selwyn, ṣé o fẹ́ kó pa á rẹ́ lóòótọ́?"

Selwyn gbé búrẹ́dì rẹ̀ sílẹ̀. "Rárá. Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ, Noeline. Ojú ló ń tì mí láti sọ ọ́."

"Ìwọ ọkùnrin yìí! Ó di ìgbà tó ku ọjọ́ mẹ́fà kí n lọ kí o tó lanu!" Ó ń rẹ́rìn-ín, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Ó fa fóònù yọ.

"Kirsten, o bi mí pé ta ni mo ní níbí. Ó ń mu tíì níwájú mi."

Kirsten fèsì lójú ẹsẹ̀. "Ṣé bàbá olókùn bàtà yẹn ni?"

"Òun ni."

"Mọ́mì, ọ̀rọ̀ ẹ̀ lẹ kúkú ń sọ fún mi láti ọdún mẹ́ta! Ẹ dúró síbẹ̀ jàre. Ẹ gbé fóònù fún wọn."

Selwyn dìde, ó ṣí fìlà rẹ̀, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì gba fóònù. "Bẹ́ẹ̀ ni," ó ń wí. "Bẹ́ẹ̀ ni. Màá tọ́jú orúnkún náà."

Nígbà tí wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀, àwọn yòókù ti lọ jìnnà. Selwyn ń bá ìdè géètì tó ti dípẹtà jìjàkadì, ó ń kánjú kó lè bá Noeline. Ó gbójú sókè: Noeline ti dúró dè é lọ́nà.

"Rọra, ààyò mi," Noeline ní. "Òkun ò kúkú sá lọ."